Lẹ́tà Kọkànlélógójì

…kò sì lè jẹ́ òótọ́, torí kò sí eré náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí eré náà. Èmi ni mo jókòó sórí àga yìí, tí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣẹ̀dá rẹ̀, ìlà mẹ́ta péré, tíì mi ò tíì tutù tí mo fi parí. Ẹnikẹ́ni ò yà á, ẹnikẹ́ni ò fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kankan. Ẹni tó bá lóun mọ bó ṣe parí, ó ń parọ́ ni, tàbí ó fi eré mìíràn pè é, tàbí…

Tàbí kí ni? Jẹ́ kí n gbé lẹ́tà náà sílẹ̀ ná.

Ogójì ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ẹyọ kan yìí ló kù lórí tábìlì. Aago méjì ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá di aago mẹ́rin, olóòtú wa, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ọ̀gá Ó-ti-yá, máa yọrí wọlé, á ní, "Ó ti yá o, èsì dà?" Màá sì na ìwé pélébé kan sí i, èyí tí mo máa ń fún un ní irú ọ̀sẹ̀ yìí lọ́dọọdún: *Kò sí ẹni tó gbà á.* Ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Mo ti kọ ọ́ nígbà mọ́kànlélógún. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kọ ju orúkọ mi lọ. Kí ló wá dé tí bírò fi wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ tí mi ò tíì kọ ọ́?

Kò le. Iṣẹ́ yìí ò le rí. Táwọn èèyàn bá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń ní ohun tí wọ́n ti wò ni mo fi ń dán wọn wò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí: ojú ìwé kẹtàdínlógún, "Ta Ló Rántí?", gbogbo Sátidé. Màá sọ ìtàn fíìmù kan ní ìlà mẹ́ta, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn òǹkàwé á fi orúkọ fíìmù náà ránṣẹ́, wọ́n á sì dáhùn ìbéèrè kékeré kan tí mo so mọ́ ọn. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n nìkan ni o, àti àwọn eré alápá méjì, alápá mẹ́ta, tí wọ́n máa ń fi hàn ní ọjọ́ tó tẹ̀ léra. A kì í fi ti sinimá sí i. Ti sinimá rọrùn jù, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á fi hàn. Ẹni tó sùn ti sùn. Ẹni tó lọ fọ abọ́ ti pàdánù ìdajì. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì, kò sí pósítà lára ògiri. Inú orí àwọn tó wò ó nìkan ló kù sí.

Ìdí nìyẹn tí pańpẹ́ fi ń mú wọn.

Ìwé ìròyìn kan wà ní òdìkejì títì tó ń jí ìbéèrè wa. Kì í yá a, ó ń jí i ni, pẹ̀lú àmì ìdánudúró tí mo fi sí i. Ọ̀gá Ó-ti-yá ló mú ọgbọ́n yìí wá: kí n máa kọ ìtàn fíìmù tí kò sí níbì kankan, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún; òun la ń pè ní pańpẹ́. Tí wọ́n bá jí ìyẹn náà, ọwọ́ ti tẹ olè. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," ó ní, ó ń fọwọ́ pa ikùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, "ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a." Ọ̀sẹ̀ pańpẹ́, kò sẹ́ni tó lè gba ẹ̀bùn, ó máa sún sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ohun tí a ò rò ni pé àwọn èèyàn máa rántí rẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́, mo kọ nípa awakọ̀ ojú irin kan tó fẹ́ ìbejì méjì láì mọ̀. Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ ojú ìwé mẹ́fà nípa irunmú awakọ̀ náà, pé àlẹ̀mọ́ ni, pé òun rí i nígbà tó fẹ́ já bọ́. Tọkọtaya kan kọ̀wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú ilé kan náà. Ọkọ ní awakọ̀ yẹn kú ní ìparí. Ìyàwó ní kò kú, pé kí á jọ̀ọ́ bá òun sọ fún bàbá yìí. Ìyá Sítáńbù, akọ̀wé wa tó ń gba lẹ́tà, máa ń ka èyí tó bá dùn jù sókè fún wa lásìkò ìsinmi, kó tó da gbogbo rẹ̀ nù. Mi ò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dáa, mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọn kì í ṣe òpùrọ́. Ìyẹn ló ṣe mí ní kàyéfì jù. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà gbọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé èèyàn ò mọ̀yàtọ̀ láàárín ohun tó rí àti ohun tí wọ́n sọ fún un pé ó rí. Ìwọ ṣáà sọ ọ́ kó dún dáadáa, ìlà mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ á bá ọ parí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó kọ lẹ́tà yìí… obìnrin tó kọ ọ́… òun náà wà lára wọn. Ọ̀kan lára wọn ni. Ó kàn mọ̀wé kọ jù wọ́n lọ ni.

Kò tiẹ̀ mọ̀wé kọ. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, bí ẹni tó ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìdí sínú ìwé.

Pańpẹ́ ti ọdún yìí, báwo ni mo ṣe kọ ọ́? *Eré alápá méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin aránṣọ kan gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ rẹ̀ rù, ó fi ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà sílẹ̀ lórí àpótí lójú fèrèsé. Kò bojú wẹ̀yìn, kò sì padà mọ́. Kí lorúkọ eré náà, kí sì ni obìnrin náà gbàgbé sílé?* Ó tán. Tèmi ni, mo mọ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Lẹ́yìn pańpẹ́ mọ́kànlélógún, káfíńtà tí igi tán lọ́wọ́ rẹ̀ á tú àga ilé ara rẹ̀. Mo ti lo awakọ̀, mo ti lo dókítà eyín, mo ti lo ọlọ́pàá tó ń bẹ̀rù ajá. Ó ku èmi. Mo kọ ọ́, mo mu tíì mi, kò tu irun kan lára mi.

Àwọn ìdáhùn wọn náà wọlé bó ṣe yẹ. Àwọn tó pọ̀ jù ní kọ́kọ́rọ́ ilé ló gbàgbé. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ẹnì kan tó fi táìpù kọ tiẹ̀ ní ìtìjú ló gbàgbé sílé. Tó bá ṣe pé èmi ni mo ni ẹ̀bùn náà, màá gbé e fún onítáìpù yẹn. Ìdáhùn tèmi, tí mi ò kọ síbì kankan, kúrú: ọmọ. Ọmọ ló gbàgbé.

Mo ṣí ìkọkànlélógójì.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ojú ìwé yìí. Mi ò mọ orúkọ eré náà torí mi ò wò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin yẹn. Ọmọ rẹ̀ ò tíì pé mẹ́fà, ó ku oṣù méjì. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ sábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ náà ni, kí ọmọ lè mọ̀ pé òun ń bọ̀, torí kò sí aránṣọ tó máa kó lọ pátápátá tó máa fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀. Ó padà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà, wọ́n ní bàbá ọmọ ti mú un lọ sí ìlú òkèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Apá kejì tẹ́ ẹ kọ yẹn ò pé.*

*Ẹ tún un ṣe.* Bí ẹni tó rí àṣìṣe nínú àkọlé.

Ó kọ àdírẹ́sì. Òpópónà kẹta lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé alágbàlá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo máa ń gbabẹ̀ kọjá tí mo bá ń lọ tún bàtà ṣe. Kò kọ orúkọ. Ibi tó yẹ kí orúkọ wà, ó kọ "aránṣọ" síbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òfin kẹta ojú ìwé wa: lẹ́tà tí kò bá lórúkọ, a ò ní kà á mọ́ ìdáhùn. Èmi ni mo kọ òfin yẹn. Mo lè jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa bi mí.

Jẹ́ kí n mú un bí mo ṣe ń mú lẹ́tà yòókù. Àlùmọ́gàjí: aránṣọ wo ni ò ní àlùmọ́gàjí? Ẹnikẹ́ni lè méfò ìyẹn. Ó padà wá lẹ́ẹ̀mẹta: nínú ìtàn, gbogbo nǹkan ló máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu ọ̀nà: kò sí eré tẹlifíṣọ̀n tí wọn kì í lé ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà nínú rẹ̀, tòjò tòjò pàápàá. Oṣù méjì…

Oṣù méjì. Mo ti fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù tí obìnrin náà lọ àti oṣù tí wọ́n bí mi. Ó ku méjì lóòótọ́. Mo kọ mẹ́fà torí mẹ́fà dún dáadáa, torí "ọmọ ọdún márùn-ún àtoṣù mẹ́wàá" máa jẹ ìlà kan tán. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kúkú fẹ́ràn kí wọ́n máa tún nǹkan ṣe. Ẹnì kan bá mi tún ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe sí Ọjọ́rú! Tí mo bá gba ti oṣù méjì, kí ló dé tí mi ò ní gba ti Ọjọ́rú?

Torí Ìṣẹ́gun ni. Ìṣẹ́gun ni, mo mọ̀.

Báwo ni mo ṣe mọ̀?

Àbí ó mọ̀ pé èmi ni? Orúkọ mi ò sí lójú ìwé yẹn, kò sí níbẹ̀ rí. Kò pè mí lọ́mọ. "Ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, *ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́*, bí ẹni tó lọ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Tó bá jẹ́ pé òun ni, tó bá jẹ́ pé òun ni o, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń kúnlẹ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọ tó bí. Ó yẹ kí ìyẹn dùn mí. Mo ń dúró dè é kó dùn mí. Ó jìnnà, bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò yàrá kejì.

Kí ni mo tiẹ̀ rántí gan-an? Èmi tí mò ń bi gbogbo ayé pé ta ló rántí.

Mi ò rántí àlùmọ́gàjí. Mo ti wá a láti àárọ̀, lábẹ́ ìrọ̀rí, lábẹ́ ibùsùn, nínú gbogbo yàrá tó wà lórí mi. Kò sí níbẹ̀. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rántí awakọ̀ tí kò sí, èmi ò rántí àlùmọ́gàjí tó ṣeé ṣe kó wà. Mo rántí àpótí, irin etí rẹ̀ ń gún mi nítan. Mo rántí fèrèsé. Mo rántí obìnrin kan tó ń lọ lójú títì, ẹ̀rọ lórí, ó ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, kò bojú wẹ̀yìn, títí ó fi yà ní kọ́nà tó wà níwájú…

Dúró ná.

Yàrá wa, ẹ̀yìnkùlé ló kọjú sí. Fèrèsé kan ló ní. Ògiri ilé kejì ni èèyàn máa ń rí níbẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn ò rẹ́, àti okùn ìsáṣọ. Ọdún méjìlá ni mo gbé nínú yàrá yẹn. Kò sí títì níbẹ̀. Kò sí kọ́nà kankan.

Níbo ni mo ti wá rí i tó ń lọ?

Màámi ló fi hàn mí. Màámi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà, tó wà nílé mi lónìí, tó jókòó sórí àga onírọ̀rí méjì níwájú tẹlifíṣọ̀n tí ojú rẹ̀ ò rí dáadáa mọ́. Tó bá ń lọ aṣọ ilé ìwé mi, tí mo bá béèrè, á sọ ọ́: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ rù, ìwọ jókòó lórí àpótí lójú fèrèsé. Kò bojú wẹ̀yìn, kò sì padà mọ́." Á sì wọ́n omi sáṣọ, á máa lọ ọ́ lọ. Ohùn kan náà nígbà gbogbo, gbólóhùn kan náà, bí àkọ́sórí. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Kí ni mo fẹ́ béèrè? Ìtàn náà ti dún dáadáa.

Ìlà mẹ́ta.

Èmi ni mo ya títì sí i. Èmi ni mo ya kọ́nà. Ọmọ ọdún márùn-ún àtoṣù mẹ́wàá, mo ti ń bá wọn parí fíìmù.

Rárá o. Màámi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Màámi tó ta bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ torí ìwé ẹ̀rí mi? Màámi tó bá olùkọ́ ìṣirò jà ní gbangba nítorí mi, tó ní, "Ọmọ mi kì í ṣe olódo, pátákó yín ni ò mọ́"? Wàhálà tó ṣe lórí mi ò kéré. Kò bímọ. Gbogbo ohun tó ní láyé ni mo jẹ́, ó sì máa ń sọ ọ́ fáwọn àlejò, ó máa ń sọ ọ́ létí mi… gbogbo ohun tí mo ní nìyí. Tí ẹnì kan bá wá kan ilẹ̀kùn tó fẹ́ gba gbogbo ohun tó ní…

Mi ò fẹ́ parí gbólóhùn yẹn.

Jẹ́ kí n ro nǹkan mìíràn. Jẹ́ kí n ro Sátidé. Láàárọ̀ Sátidé, èmi ni mo máa ń ka "Ta Ló Rántí?" fún un. Kò tíì sí èyí tí mo kà tó ní òun ò wò. Kò sí! "Mo wo ìyẹn!" á na ìka sókè kí n tó ka ìlà kejì tán, á sì dárúkọ kan fún un, á sọ ẹni tó kú, á sọ aṣọ tó wọ̀. Ti pańpẹ́ ló tiẹ̀ máa ń mọ̀ jù. Dókítà eyín yẹn, ó ní àlá ni gbogbo rẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń bẹ̀rù ajá, ó sunkún lé e lórí, ó ní ajá yẹn ló ṣe òun láàánú jù. Mi ò sọ fún un rí pé pańpẹ́ ni. Báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Ó ń dùn mọ́ ọn, mo sì fẹ́ràn láti máa wò ó.

Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, mo ka ti aránṣọ fún un.

Mo kà á geere, bí mo ṣe ń ka tàwọn yòókù. Mo wo tẹlifíṣọ̀n bí mo ṣe ń kà á, tí ohùn ẹ̀ wà nílẹ̀ pátápátá. Mo ka ìlà kìíní. Mo ka ìlà kejì. Ìka ò gòkè. Mo kà á tán, mo dúró.

"Mi ò mọ ìyẹn," Màámi ní.

Ó ń fọwọ́ ra apá àga.

"Ta ló fún ẹ níyẹn?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, Màámi. Eré àtijọ́ kan ni."

"Mi ò wò ó," ó ní. "Ka òmíì."

Mo sì ka òmíràn. Mo ka ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó na ìka sókè, ó ní òun wò ó, a jọ rẹ́rìn-ín. Mo lọ gbé omi wá fún un. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, àgbà ló ti dé sí i, àárọ̀ ni, oorun ò tíì dá lójú rẹ̀.

Ọdún méjìlélógún, obìnrin tó mọ gbogbo fíìmù tí kò sí. Ó wá débi èyí tó ṣẹlẹ̀, kò mọ̀ ọ́n.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Mo ń gbọ́ ohùn Ọ̀gá Ó-ti-yá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kán ẹnì kan tó ti ń kánjú tẹ́lẹ̀ lójú. Ìwé pélébé wà níwájú mi, funfun. Bírò wà lọ́wọ́ mi. Kò sí nǹkan tó yí padà nínú yàrá yìí. Màá lọ sílé nírọ̀lẹ́, Màámi á béèrè ohun tí wọ́n ṣe níbiṣẹ́, màá sì ní láti dá a lóhùn.

Mo tiẹ̀ fẹ́ dá lẹ́tà yìí lẹ́bi. Mo ń sọ láti àárọ̀ pé òun ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Ìyá Sítáńbù gbé àpò lẹ́tà gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, tó ní, "Ti pańpẹ́ rèé o, ṣé kí n ka méjì mẹ́ta ká fi rẹ́rìn-ín, kí n da ìyókù nù?", ta ló pè é padà? Ta ló ní kó má ka ìkankan, kó gbé gbogbo ẹ̀ wọlé? Ó wò mí tìyanutìyanu. "Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?" ó ní. "Ṣebí kò sí ìdáhùn nínú wọn."

Mo ní mo fẹ́ wò wọ́n ni. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta ka ogójì lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ̀yìn tojú. Tí mo bá débi kọ́kọ́rọ́ ilé, màá gbé e tì. Tí mo bá débi abẹ́rẹ́, màá gbé e tì, màá tún mú òmíràn, mo sì ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni.

Kì í ṣe iṣẹ́. Kì í ṣe olè òdìkejì títì ni mo dẹ pańpẹ́ yẹn fún.

Ìyá mi ni mò ń wá.